Títì Abuja fẹ̀, bọ́ọ̀sì ni kò rọ́nà gbà

Tí ọ̀rọ̀ bá di ti títì tó fẹ̀ ní Nàìjíríà, Abuja ni ẹnu máa ń kọ́kọ́ lọ. Òpópónà márosẹ̀ tó lọ sí Kubwa àti èyí tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú, ojú ọ̀nà mẹ́wàá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní: mẹ́ta àlọ, mẹ́ta àbọ̀, àti méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ẹni tó fẹ́ yà wọ àdúgbò. Òpópónà Ikorodu l'Ékòó kò fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ láti ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2008 ni bọ́ọ̀sì ti ń sáré lójú ọ̀nà tirẹ̀ níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń ti Nyanya bọ̀ láàárọ̀ ní Abuja, inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kan náà ni bọ́ọ̀sì tó wọ̀ àti jíìpù ọ̀gá rẹ̀ jọ ń há sí. Báwo ni ìlú tí wọ́n fi rúlà yà sórí bébà ṣe jẹ́ kí Èkó ṣáájú òun?

Kì í ṣe pé àwọn tó yàwòrán ìlú náà gbàgbé èrò ọkọ̀. Lẹ́yìn tí òfin kẹfà ọdún 1976 dá agbègbè olú-ìlú sílẹ̀, International Planning Associates ni wọ́n gbé iṣẹ́ ètò rẹ̀ fún, wọ́n sì jíṣẹ́ ní 1979. Nínú ìwé wọn, wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ láàárín àwọn àdúgbò fún ọkọ̀ tó ń kó èrò púpọ̀, wọ́n sì fojú bù ú pé ìlú náà yóò gba nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn. Ohun tí wọ́n gbára lé ni pé òṣìṣẹ́ yóò máa gbé nínú ìlú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Nyanya tó jẹ́ ibùdó àwọn lébìrà tó ń kọ́ ìlú kò tú ká. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó dé láti Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá 1991, owó ilé ní Garki àti Wuse ju agbára akọ̀wé kékeré lọ. Láàárín 2003 sí 2007 tí Nasir el-Rufai ṣe mínísítà olú-ìlú, katapílà wó ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n ní kò bá ètò mu, wọ́n sì ta ilé ìjọba tí òṣìṣẹ́ ń gbé. Àwọn tí kò rówó rà á forí lé ìta: Nyanya, Karu, títí dé Mararaba àti Masaka tí í ṣe ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Nasarawa. Títì kan náà ló ń kó púpọ̀ nínú wọn wọlé, èyí tó ti Keffi wá, tó gba Kugbo dé oríta AYA.

Ní 2006, ìjọba lé ọ̀kadà kúrò láàárín ìlú, wọ́n sì kó bọ́ọ̀sì ńláńlá wá, èyí tí aráàlú sọ ní bọ́ọ̀sì El-Rufai. Wọ́n wúlò gan-an. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tó yẹ kó lọ kó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀, tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wá dí ọ̀nà mọ́ ọn tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ló lè lọ, ṣe ni ó dà bí ìgbà tí wọ́n ra mẹ́ta tí méjì kò kúrò ní gáréèjì. Bí èrò bá pọ̀ sí i, ìjọba á tún ra òmíràn, tí òun náà á há síbẹ̀. Ẹni tí kò lè dúró mọ́ a wọ along, ìyẹn ọkọ̀ àdáni tí awakọ̀ rẹ̀ á rọra fà sẹ́bàá títì, á ní "Area 1, Berger, Secretariat", tí ẹni mẹ́rin tí kò mọra rí á sì kó wọlé. Inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn olè "one chance" ti ń gba owó àti fóònù lọ́wọ́ èrò, tí wọ́n sì ń tì wọ́n sílẹ̀ lórí eré. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 2014, bọ́m̀bù tó bú ní gáréèjì Nyanya pa èèyàn tó lé ní 70, àwọn tó jí lówùúrọ̀ láti wá wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mi ò lè ronú nípa ọ̀nà yẹn kí n má rántí wọn.

Dípò ọ̀nà bọ́ọ̀sì, rélùwéè inú ìlú ni ìjọba kówó lé. Oṣù karùn-ún 2007 ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ CCECC ti Ṣáínà. Ó di 2018 kí Ààrẹ Buhari tó ṣí i. Ó dúró ní 2020 nígbà Kòrónà. Ààrẹ Tinubu tún un ṣí ní 2024. Kìlómítà 45 ó lé díẹ̀ ni, owó rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 824 dọ́là. Ó dé Idu, ó dé Kubwa, ó dé pápákọ̀ òfurufú. Kò dé Nyanya.

Ẹ wo ti Èkó. Àwọn LAMATA, àjọ tó ń rí sí ètò ìrìnnà níbẹ̀, kọ́kọ́ rin ìrìn àjò lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n sì mú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW dání, kí àwọn náà fojú ara wọn rí i. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn NURTW ló wa bọ́ọ̀sì. Láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22, ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀nà náà ni wọ́n fi kọnkéré yà sọ́tọ̀, kọnkéré tí kò ga ju orókún lọ. Ní àwọn ibòmíràn, wọ́n fi ọ̀dà fa ìlà. Kìlómítà kan kò ju mílíọ̀nù 1.7 dọ́là lọ, nígbà tí ti rélùwéè Abuja lé ní mílíọ̀nù 18. Rélùwéè kì í ṣe bọ́ọ̀sì, owó ìgbà méjèèjì kò sì dọ́gba, síbẹ̀ àlàfo yẹn kì í ṣe kékeré.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n lè gbà ya ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì sọ́tọ̀ ní Nyanya. Ọ̀dà létí títì ló rọrùn jù, àmọ́ etí títì yẹn ni along ti ń gbérò, tí bọ́ọ̀sì kékeré araba ti ń já èrò sílẹ̀, tí ọkọ̀ tó taku ń fẹ̀yìn tì sí. Ọ̀dà kò lè lé ìkankan nínú wọn. Ojú ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, irú ti Kubwa, kò sàn jù ú lọ: gbogbo ẹni tó ń yà wọ àdúgbò ló ń gba ibẹ̀. Ẹ̀kẹta ni mo fara mọ́, kí bọ́ọ̀sì gba àárín títì, lálọ lábọ̀, kí kọnkéré yà á sọ́tọ̀. Èkó náà ló padà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó fa ọ̀nà rẹ̀ dé Ikorodu ní 2015. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ o. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ìyá tó pọnmọ má baà máa sáré níwájú tírélà. Ọwọ́ ọ̀tún sì ni ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì wa wà. Bí ibùdókọ̀ kan ṣoṣo bá wà láàárín fún àlọ àti àbọ̀, ọwọ́ òsì ni èrò yóò ti sọ̀. Kí wọ́n tó ra bọ́ọ̀sì ni kí wọ́n ti yanjú ìyẹn.

Onímọ́tò yóò ní wọ́n gba ojú ọ̀nà òun. Ojú ọ̀nà kan tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń gbà kì í sábà kó ju ẹgbẹ̀rún méjì tàbí mẹ́ta ènìyàn lọ ní wákàtí kan. Ètò bọ́ọ̀sì TransMilenio ti Bogotá ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2000, ti kó ju 40,000 lọ sí apá kan ní wákàtí kan, nítorí pé bọ́ọ̀sì lè kọjá ara wọn ní ibùdókọ̀. Ìdá mẹ́rin ìyẹn pàápàá yóò tu Nyanya lára.

Mararaba ni ẹ̀rù ń bà mí sí. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń há kí wọ́n tó wọ ilẹ̀ Abuja rárá, mínísítà olú-ìlú kò sì láṣẹ níbẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ ni títì náà, ti gómìnà Nasarawa ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èkó ní LAMATA tó di gbogbo okùn mú. Ọ̀nà Nyanya kò ní irú rẹ̀. Wọ́n ti ṣí ibùdókọ̀ ńlá sí Kugbo ní 2025, lójú títì yìí gan-an, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tó bá jáde níbẹ̀, àárín ọkọ̀ tó há náà ló ń wọ̀. Kí mínísítà, ìjọba àpapọ̀ àti gómìnà jókòó, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé kan, kí ìlà bọ́ọ̀sì náà sì bẹ̀rẹ̀ láti Mararaba.