Àpò Ìdí Adìyẹ: Bí A Ṣe Mọ Ohun Tí Ń Bá Salmonella Jà

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pa adìyẹ tí kò tíì gbó rí, tí ó bọ ìyẹ́ rẹ̀ nínú omi gbígbóná, tí ó sì la ìdí rẹ̀ láti kó ìfun jáde, ọwọ́ rẹ̀ yóò ti kan àpò róbótó kan tí ó lẹ̀ mọ́ òkè ibi tí ẹyẹ náà ń gbà yàgbẹ́. Bí ó bá fi ọ̀bẹ là á, yóò rí i pé inú rẹ̀ ṣẹ́po léra wọn bí gèlè tí a ká jọ. Òun àti ìfun ni a jọ ń dà nù. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀: nínú ohun tí à ń dà nù yìí ni adìyẹ ti ń rí agbára kọjú ìjà sí Salmonella, kòkòrò àìfojúrí tí ó lè wọ ilé ẹyin àgbébọ̀ lọ, kí ó sì ti wà nínú ẹyin kí èèpo tó bò ó, tí ẹni tí ó bá jẹ ẹyin náà láìjinná yóò fi máa ṣu, tí yóò sì máa bì.

Ó ti pẹ́ tí ojú ọ̀mọ̀wé ti rí àpò yìí. Hieronymus Fabricius, àgbà olùkọ́ iṣẹ́ abẹ ní ìlú Padua ní ilẹ̀ Ítálì, ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1621, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti papò dà. Èrò rẹ̀ ni pé ibẹ̀ ni abo adìyẹ ń tọ́jú àtọ̀ àkùkọ sí. Orúkọ rẹ̀ mọ́ àpò náà lára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe ṣókùnkùn sí aráyé fún ohun tí ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni Bruce Glick, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, pinnu láti wádìí rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ ayé òròmọdìyẹ ni àpò náà ń yára dàgbà jù, ó sì gé e kúrò lára àwọn kan. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n hu ìyẹ́ bí ẹgbẹ́ wọn, tí ó fi dà bí ẹni pé iṣẹ́ náà já sí òfo. Nígbà náà ni Timothy Chang, akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó fẹ́ fi han kíláàsì rẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ adìyẹ ṣe ń pèsè ohun ìjà sí kòkòrò àrùn, wá tọrọ adìyẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gún wọn ní abẹ́rẹ́ Salmonella. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le: a ó po omi ara ẹ̀jẹ̀ adìyẹ mọ́ omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀, bí ohun ìjà bá sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, àwọn kòkòrò yóò ṣù jọ ní kóro-kóro lójú ẹni. Àwọn adìyẹ kan kú. Nínú àwọn tí ó yè, a rí èyí tí omi wọn kò ṣù rárá. Ẹlòmíràn ì bá bínú kó wọn dànù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni í rí ìfun inú rẹ̀: nígbà tí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ wò, àwọn tí Glick ti gé àpò wọn ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò rí ohun ìjà pèsè.

Glick, Chang àti Jaap, ẹni tí ó bá wọn ṣiṣẹ́, tún iṣẹ́ náà ṣe, wọ́n sì fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn Science, èyí tí ó kọ̀ ọ́. Ìwé àwọn onímọ̀ adìyẹ, Poultry Science, ni ó tẹ̀ ẹ́ ní 1956. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìṣègùn kò kà á nígbà náà. Ní 1965 ni oníṣègùn Max Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Minnesota ní Amẹ́ríkà fi adìyẹ fi hàn pé ọ̀nà méjì ni ọmọ-ogun ara pín sí: àwọn tí àpò yìí tọ́ dàgbà, tí ń pèsè ohun ìjà inú ẹ̀jẹ̀, àti àwọn tí ẹṣẹ́ kan tí ó wà ní ọrùn adìyẹ tọ́ dàgbà. Àwa ènìyàn kò ní àpò náà, mùdùnmúdùn inú egungun ni ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún wa. Síbẹ̀ lẹ́tà B tí àwọn dókítà fi ń pe irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wa, láti ara bursa, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe àpò adìyẹ yìí, ni ó ti wá.

Ọmọ-ogun méjèèjì ni àgbébọ̀ nílò, nítorí pé Salmonella a máa sá pamọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì, níbi tí ohun ìjà inú ẹ̀jẹ̀ kò lè tẹ̀ ẹ́. Àwọn ti ẹṣẹ́ ọrùn ni ó ń ṣe aájò lílé e jáde. Ṣùgbọ́n ohun ìjà inú ẹ̀jẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: ìyá adìyẹ a máa fi í sínú pupa ẹyin fún ọmọ rẹ̀, kí ó lè fi í gbé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ayé rẹ̀. Bí adìyẹ sì ti ń dàgbà lọ sí ìgbà yíyé ẹyin ni àpò náà ń rọ, nítorí ó ti rán àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ káàkiri ara. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Èyí ni ó mú kí Gumboro, àrùn tí wọ́n fi orúkọ ìlú kan ní Delaware ní Amẹ́ríkà pè, tí olùwádìí kan tí ń jẹ́ Cosgrove sì kọ ìròyìn rẹ̀ ní 1962, jẹ́ ọ̀tá tí gbogbo olùsìn adìyẹ mọ̀. Àpò yìí gan-an ni ó máa ń bà jẹ́. Òròmọdìyẹ tí ó bá kó o ní kékeré lè yè é, kí ó sì dàgbà, ṣùgbọ́n àjẹsára tí a bá fún un lẹ́yìn náà lè má mú, ọ̀nà a sì là fún Salmonella àti àwọn àrùn mìíràn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìyẹ ẹlẹ́yin, mo bẹ̀ yín: ẹ má ṣe fi àjẹsára Gumboro falẹ̀, ẹ gbé e sínú òtútù láti ọwọ́ ẹni tí ó tà á títí dé inú ilé adìyẹ, ẹ má sì ṣe pò ó mọ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi oògùn apakòkòrò sí, nítorí pé oògùn náà yóò pa á kí adìyẹ tó mu ún.