Ohun tí wọ́n ń wá nínú oríkèé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú

Oríkèé ìka ọwọ́ méjèèjì wú. Láàárọ̀, ó le débi pé ṣíṣí ìdérí ìgò di iṣẹ́, ó sì lè tó wákàtí kan kó tó rọ̀. Ní Ìkòtún àti Ẹ̀gbẹ́dá, làkúrègbé ni ọ̀pọ̀ máa pè é. Wọ́n á fi róòbù ra á, wọ́n á mu àgbo, wọ́n á ra oògùn ara ríro ní kẹ́mísì. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ rheumatoid arthritis, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó máa gbèjà ara ti kọjú ìjà sí oríkèé fúnra rẹ̀.

Awọ fẹ́lẹ́ kan ló tẹ́ inú oríkèé. Òun ló ń ṣe omi tí kì í jẹ́ kí eegun máa ha eegun. Bí àìsàn yìí bá dé, awọ náà á nípọn, sẹ́ẹ̀lì á ya wọ inú rẹ̀, kerekere àti eegun á sì máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lápá kò lè sọ gbogbo ohun tó ń lọ níbẹ̀.

Ní Yunifásítì Queen Mary, Lọ́ńdọ̀nù, ikọ̀ olùwádìí Costantino Pitzalis ń fi ultrasound tọ́ abẹ́rẹ́ sọ́nà láti gé bíńtín lára awọ náà. Aláìsàn 144 tí àìsàn wọn kò tíì pé ọdún kan, tí wọn kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú gidi, ni wọ́n yẹ̀ wò nínú ìwádìí tó jáde ní 2019. Nínú oríkèé àwọn kan, sẹ́ẹ̀lì agbèjà ara tí wọ́n ń pè ní B àti T pọ̀ yamùrá; nínú ti àwọn mìíràn, irú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní macrophage ló pọ̀ jù; ti àwọn kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Àwọn tí sẹ́ẹ̀lì B àti T wọn pọ̀ ni eegun wọn ń bàjẹ́ jù. Oògùn rituximab ń pa sẹ́ẹ̀lì B. Bí sẹ́ẹ̀lì B kò bá wá sí ńkọ́? Ìdánwò kan tí Lancet tẹ̀ jáde ní 2021 dáhùn: láàárín àwọn tí àyẹ̀wò RNA fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì B wọn kéré, oògùn mìíràn, tocilizumab, ṣiṣẹ́ fún 63%, rituximab fún 36%.

Àwa náà ní ìtàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1968, oníṣègùn Brian Greenwood ti ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, kọ ọ́ pé nínú aláìsàn 98,454 tí wọ́n gbà láàárín 1957 sí 1966, 104 péré ló ní irú àìsàn tí ara ń bá ara rẹ̀ jà. Ó ní ibà tó ń ṣe wá léraléra láti kékeré ló ṣeé ṣe kó máa dá a dúró, ìdánwò rẹ̀ lára eku ní 1970 sì gbè é lẹ́yìn. Èrò ńlá ni. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ lọ́kàn àwọn oníṣègùn pé rheumatoid arthritis kì í ṣe tiwa, títí Dókítà Femi Adelowo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ nípa igba aláìsàn àkọ́kọ́ ní ilé ìwòsàn oríkèé kan, ní 2010.

Bóyá ibà ń yí sẹ́ẹ̀lì inú oríkèé wa padà, Lọ́ńdọ̀nù kò lè bá wa dáhùn rẹ̀. Oríkèé ará ilé wa ni wọ́n gbọ́dọ̀ wò, kí ó sì tó pẹ́, torí sítẹ́rọ́ìdì tí èèyàn ń dá rà ń paná ìwú náà nígbà tí eegun ṣì lè máa bàjẹ́ lábẹ́. Ẹni tó wà ní Ìgándò lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà Alimosho, kó ní kí wọ́n kọ̀wé ránṣẹ́ sí àwọn oníṣègùn oríkèé ní LASUTH, Ìkẹjà. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún rheumatoid factor àti anti-CCP. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn methotrexate, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó, kì í ṣe ojoojúmọ́.