Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kò bá mí dáadáa

Nínú ẹ́ńjìnnì, díẹ̀ lára gáàsì tó ń jó máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì písítìn yọ́ wọ ibi tí ọ́ìlì wà. Rọ́bà kan àti fáàfù kékeré tó ń jẹ́ PCV ló ń dá a padà kí ó tún lọ jó. Ní Sókótó, níbi tí ooru ti ń kọjá 40°C lóṣù Kẹrin, tí eruku ọyẹ́ sì ń dí fílítà, rọ́bà a tètè gan, ríǹgì a sì tètè jẹ.

Bí ọ̀nà rọ́bà àti fáàfù náà bá dí, gáàsì á wá ibòmíràn gbà: géèjì ọ́ìlì á sún jáde, síìlì á máa jò. Wọ́n lè pààrọ̀ síìlì títí, nígbà tó jẹ́ fáàfù kékeré yìí ló dí.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́, kí wọ́n ṣí ìdérí ọ́ìlì, kí wọ́n fi bébà fẹ́lẹ́ bo ihò rẹ̀. Bí ó bá fa bébà mọ́ra díẹ̀, ó dára. Bí ó bá tì í sókè, ìṣòro wà. Fáàfù tó dára máa ń dún bí wọ́n bá mì ín. Bí fáàfù tuntun kò bá yanjú ìṣòro náà, ó kan ìdánwò kọ̀ǹpẹ̀rẹ́ṣàn (wíwọn ìfúnpá inú sìlíńdà): bí òǹkà bá gòkè lẹ́yìn tí wọ́n rọ ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò plọ́ọ̀gì, ríǹgì ló ti jẹ.