Kí ló dé tí àwọn ará Kano kò fi gbàgbé Nargis, Dharmendra àti fíìmù India àtijọ́?

Alhaji tó ni ilé tí mo gbé nígbà tí mo ń sìnrú ìlú ní Kano kò gbọ́ èdè Hindi rárá. Kò dé India rí. Àmọ́ ní alẹ́ Sátidé, tí iná mànàmáná bá gbà fún wa, yóò gbé àga rẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n, yóò ti fíìmù kan tí wọ́n ti ṣe tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí mi sínú ẹ̀rọ DVD, yóò sì máa bá àwọn òṣèré inú rẹ̀ kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ kan kì í bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ni ìtumọ̀ orin náà. Ó wò mí bí ẹni tí mo bi léèrè ìdí tí omi fi ń ṣàn. Ó ní ìyá ni obìnrin yẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń kọrin fún, kí ni mo tún fẹ́ mọ̀?

Nargis ni òṣèrébìnrin náà, Mother India sì ni fíìmù ọ̀hún. Ọdún 1957 ló jáde. Ẹ bá àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún sọ̀rọ̀ ní Kano, Katsina tàbí Sokoto, ẹ ó rí i pé Alhaji mi kì í ṣe òun nìkan.

Báwo ni fíìmù India ṣe dé Kano?

Sinimá ti wà ní Kano kí fíìmù India tó dé ibẹ̀. Ọdún 1937 ni wọ́n ṣí Rex ní Sabon Gari, àdúgbò tí àwọn Yorùbá, Igbo àti àwọn àlejò mìíràn ń gbé. Kò dùn mọ́ ọ̀pọ̀ àwọn àlùfáà nínú. Lójú tiwọn, ibi tí tọkùnrin tobìnrin ti ń jókòó pọ̀ nínú òkùnkùn, ẹ̀ṣẹ̀ kò lè jìnnà síbẹ̀.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà tún dá kún un. Lọ́jọ́ 13, oṣù Karùn-ún, ọdún 1951, iná ṣẹ́ yọ nínú yàrá ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán jáde ní ilé sinimá El Dunia. Èèyàn 331 ló bá a lọ, ọmọdékùnrin sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn kan ní ìlú sọ pé ìbínú Ọlọ́run ni. Mo mẹ́nu ba èyí kí ẹ lè mọ irú ìlú tí fíìmù India bọ́ sí. Sinimá kì í ṣe eré lásán níbẹ̀. Ohun tí èèyàn lè torí rẹ̀ gba orúkọ burúkú ni.

Àwọn oníṣòwò ará Lebanon ló ni púpọ̀ nínú ilé sinimá àríwá nígbà náà. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra fíìmù láti India. Wọ́n ń gbé ti Amẹ́ríkà, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Lárúbáwá náà wá, àmọ́ ti India ló gba ọkàn èrò, ó sì gbà á pátápátá. Kò sí ará India tó polówó rẹ̀ fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ará India kankan. Àwòrán ni wọ́n rí tí ìfẹ́ rẹ̀ fi kó sí wọn lórí.

Kí ló wà nínú Mother India?

Radha, tí Nargis ṣe, jẹ́ ìyàwó àgbẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló lọ yá owó lọ́wọ́ Sukhilala, olówó èlé abúlé wọn, láti fi ṣe ìgbéyàwó. Kò sí ẹni tó mọ̀wé nínú ilé, nítorí náà ohun tí Sukhilala bá ní ìwé sọ ni ìwé sọ. Nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú àwọn àgbà, wọ́n dá a láre: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìkórè wọn ni yóò máa kó lọ gẹ́gẹ́ bí èlé. Yorùbá tó bá mọ ìtàn ìwọ̀fà kò nílò ògbufọ̀ níbí.

Òkúta ńlá kan ya lu ọkọ Radha, apá rẹ̀ méjèèjì sì ṣòfò. Ìtìjú lé e kúrò nílé. Omíyalé dé, ó gbé ọmọ lọ. Radha fi ọrùn ara rẹ̀ fa ohun ìtúlẹ̀ bíi màlúù kí àwọn ọmọ tó kù lè jẹun. Ọ̀kan nínú wọn, Birju, dàgbà di adigunjalè, ó pa Sukhilala, ó sì jí ọmọbìnrin rẹ̀ gbé lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ náà. Radha ní kó dá ọmọ ọlọ́mọ padà. Birju kọ̀. Ìyá gbé ìbọn, ó yìn ín fún ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Alhaji kì í wo ibi tí ìbọn ti dún. Ó máa ń dìde lọ ṣe àlùwàlá.

Mehboob Khan ló darí fíìmù yìí, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tó ń du àmì ẹ̀yẹ Oscar lọ́dún 1958, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà á. Àmọ́ kì í ṣe Oscar ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń sọ. Ìtàn tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu wọn ni ti iná tó sọ nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà, tó fẹ́ ká Nargis mọ́, tí Sunil Dutt, ẹni tó ṣe Birju, fi kó wọ inú iná lọ gbé e jáde. Ọdún 1958 ni àwọn méjèèjì ṣe ìgbéyàwó. Ẹni tó ṣe ọmọ rẹ̀ nínú fíìmù ló di ọkọ rẹ̀ nílé. Nargis kú lọ́dún 1981, àmọ́ ọmọ wọn, Sanjay Dutt, náà di gbajúgbajà òṣèré, Kano sì gbà á bí ẹni gba ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Hausa tún sọ wọ́n lórúkọ. 'Dan daba mai lasin' ni wọ́n ń pe Sanjay Dutt, ìyẹn jàǹdùkú tó ní ìwé àṣẹ. Dharmendra, òṣèré Sholay tó kú lọ́dún 2025, ni 'Sarkin Karfi', Ọba Agbára. Èèyàn kì í fún àlejò tí kò bá jọ ọ́ lójú ní oríkì.

Kí ni Hausa rí nínú fíìmù India?

Brian Larkin, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá tó ṣe ìwádìí ní Kano ní àwọn ọdún 1990, kọ ọ́ pé gbọ̀ngàn Marhaba ṣì ń kún fún Mother India nígbà náà, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ó lé tí fíìmù náà ti jáde. Ìdáhùn tí àwọn èèyàn máa ń fún un ni pé àṣà wọn bá tàwọn mu.

Bí èèyàn bá jókòó wo fíìmù náà dáadáa, yóò rí ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn obìnrin borí. Ọmọ ń wólẹ̀ fún bàbá. Olólùfẹ́ méjì lè kọrin fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá yí igi ká láì fẹnu kan ẹnu. Lékè gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ wọn ni pé ta ni yóò yan ọkọ fún ọmọbìnrin, ṣé òun ni àbí àwọn òbí rẹ̀? Fíìmù Amẹ́ríkà kò mọ ẹjọ́ yẹn. Ní Kano, inú ilé ni wọ́n ti ń rò ó lójoojúmọ́.

Èdè náà kò jìnnà tó bí a ṣe rò. Hausa ń pe ayé ní 'duniya'. Bẹ́ẹ̀ náà ni Hindi. Hindi ń pe àkókò ní 'waqt', láti inú èdè Lárúbáwá. Wákàtí tí àwa Yorùbá ń wò lára aago, ibẹ̀ náà ló ti wá. Ẹni tó bá ti gbọ́ Hausa, tó sì kéwú díẹ̀, yóò máa rí ọ̀rọ̀ tó mọ̀ he níbí àti lọ́hùn-ún, yóò wá fi ojú gbọ́ ìyókù.

Àwọn obìnrin ńkọ́?

Obìnrin tó bá fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún òun kì í lọ sí ilé sinimá ní Kano nígbà náà. Tẹlifíṣọ̀n ló gbé fíìmù India lọ bá wọn ní àwọn ọdún 1970, títí dé inú ilé tí ìyàwó kì í ti jáde láìgba àṣẹ. Lójú tèmi, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le, torí pé fíìmù tó ń bi ọmọbìnrin léèrè ẹni tó wù ú ti wọlé, kò sì sí ẹni tó lè lé e jáde mọ́.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn ìwé ìtàn ìfẹ́ tí wọ́n ń pè ní littattafan soyayya fi gba ọjà kan. Obìnrin ló kọ púpọ̀ nínú wọn. Balaraba Ramat Yakubu, àbúrò Ọ̀gágun Murtala Muhammed, wà lára àwọn aṣáájú wọn. Wọ́n ti fún òun náà lọ́kọ láti kékeré láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé rẹ̀, Alhaki Kuykuyo Ne, ti jáde ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2012. Àwọn wo ló tẹ̀ ẹ́? Ilé ìtẹ̀wé Blaft, ní ìlú Chennai, ní India.

Ìjà pẹ̀lú àwọn oníwàásù

Ẹ̀sùn tí àwọn oníwàásù fi kan fíìmù India kò kéré: òrìṣà ni wọ́n ń bọ nínú rẹ̀, ó ń kọ́ ọmọ ní ijó, ó ń kọ́ ọ pé kó ṣe àìgbọràn sí òbí. Ó ṣòro láti sọ pé irọ́ ni, torí òrìṣà wà nínú fíìmù náà lóòótọ́.

Èsì tí àwọn olólùfẹ́ kan fọ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Àwọn ẹgbẹ́ bandiri mú ohùn orin fíìmù India, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú rẹ̀ kúrò, wọ́n fi ìyìn Ànábì Muhammad sí i, wọ́n sì ń lu ìlù sí i bí àwọn oníṣúúfí ṣe ń ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ náà pe ara rẹ̀ ní Ushaqu Indiya, ìyẹn àwọn olólùfẹ́ India. Ẹni tó ti wo fíìmù náà mọ ibi tí ohùn ti wá, àmọ́ ó lè kọ ọ́ lójú àlùfáà láìbẹ̀rù.

Nígbà tí Hausa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fíìmù tiwọn, orin, ijó àti aṣọ India bá wọn wọ ibẹ̀. Ìwé ìròyìn kan ní Kano ló sọ iṣẹ́ náà ní Kannywood lọ́dún 1999, kí ẹnikẹ́ni tó máa pe ti gúúsù ní Nollywood. Sangaya ló sọ orin àti ijó di ọ̀ranyàn nínú fíìmù Hausa, ó sì wà lára ohun tó gbé Ali Nuhu ga, ẹni tí wọ́n ń fi wé Shah Rukh Khan títí dòní. Nígbà tí Sharia bẹ̀rẹ̀ ní Kano, ìjọba dá fíìmù ṣíṣe dúró fúngbà díẹ̀, ó sì dá àjọ tó ń yẹ fíìmù wò sílẹ̀ lọ́dún 2001. Orin àti ijó ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ látìgbà náà.

Kano nìkan kọ́ ló ń ṣe é

Kí Mehboob Khan tó ṣe Mother India, ó ti ṣe Aan lọ́dún 1952, tí Dilip Kumar jẹ́ akọni rẹ̀. Àwọn Faransé yí orúkọ rẹ̀ padà sí Mangala, ọmọbìnrin India, bó tiẹ̀ jẹ́ pé Mangala, tí Nimmi ṣe, kú kí fíìmù tó parí. Orúkọ yẹn ló fi gbajúmọ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní Dakar, àwọn obìnrin Senegal ṣì ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń wọ sari, tí wọ́n sì ń jó ijó India níbi ayẹyẹ.

Ibo ni fíìmù àtijọ́ wà báyìí?

Ọ̀pọ̀ nínú ilé sinimá àtijọ́ Kano ti kógbá wọlé. Fíìmù India kò lọ o. Àwọn iléeṣẹ́ bíi Algaita ti ń gbé ohùn Hausa lé e lórí, ọ̀dọ́ sì ń rà á sórí fóònù. Àmọ́ àwọn tuntun, tó kún fún ìjà, ni wọ́n sábà máa ń túmọ̀. Nínú èyí tí wọ́n túmọ̀, Hausa ni òṣèré ń sọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní láti há ohunkóhun sórí mọ́. Àwọn àgbà kan kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Wọ́n ní ta ló ní kí wọ́n túmọ̀ ohun tó ti yé àwọn?

Ẹ̀rọ DVD Alhaji ti bàjẹ́. Nígbà tí mo pè é kẹ́yìn, ó ní ọmọ-ọmọ òun ti bá òun gbé Mother India sórí fóònù, àmọ́ fóònù náà kéré jù, Nargis kò ga tó bó ṣe yẹ kó ga. Ó ní tí mo bá dé ọjà Alaba ní Èkó, kí n bá òun wá ẹ̀rọ tó dáa. Mo ṣì ń wá a.