Òótọ́ àbí irọ́? Epo inú ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi

Bẹntiróòlù tí wọ́n rà ní Minna lè ti inú kẹ́ẹ̀gì kan bọ́ sí òmíràn kó tó dé Zumba, létí adágún Shiroro. Bí ẹ̀ńjìnnì bá wá kú láàárín omi, mẹkáníìkì ni wọn yóò bú. Ẹ jẹ́ ká yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa epo wò.

“Epo tí a bá ti fi aṣọ sẹ́ ti mọ́.”

Irọ́. Yanrìn àti ewé ni aṣọ ń mú, omi lè gbabẹ̀ kọjá. Bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ táǹkì ni omi ń wọlẹ̀ sí, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹnu ọ̀pá tó ń fa epo wà. Ẹ bu díẹ̀ nísàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò funfun, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ má mì í. Bí omi bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí ìlà tó là á sí méjì. Fílítà tó ń ya omi sọ́tọ̀, tí wọ́n ń so mọ́ ojú ọ̀nà epo láàárín táǹkì àti ẹ̀ńjìnnì, ni iṣẹ́ yìí yẹ, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa da omi inú rẹ̀ nù.

“Bí fílítà bá ti wà, epo burúkú kò lè ṣe nǹkan kan.”

Irọ́ ni, àmọ́ ó fi ojú jọ òótọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba kéde pé epo tí methanol ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọ Nàìjíríà. Methanol tó ti yòrò mọ́ bẹntiróòlù kò sí fílítà ọkọ̀ tó lè yọ ọ́. Methanol yìí sì máa ń fa omi mọ́ra.

“Bí ọ́ìlì bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀ńjìnnì á ṣe pẹ́ tó.”

Irọ́ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ńjìnnì two-stroke tí kì í ṣe tuntun mọ́ ń fẹ́ lítà ọ́ìlì 1 sí lítà epo 50, ìyẹn ìdajì lítà fún kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Ẹ wo ìwé ti yín. Àpọ̀jù rẹ̀ ń mú èéfín wá, ó sì ń dì mọ́ púlọ́ọ̀gì.

“Bẹntiróòlù kì í bàjẹ́.”

Ó ń bàjẹ́. Bó bá pẹ́ nílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ á fò lọ, ìyókù á di gọ́ọ̀mù sínú kabúrétọ̀.

“Ẹ̀ńjìnnì tó ń kú, púlọ́ọ̀gì ló ń bá a jà.”

Nígbà míì ni. Àmọ́ kí ẹ tó tú u, ẹ wo rọ́bà roboto tí a ń fọwọ́ fún lójú páìpù. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ tí kò wú padà, ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ kò wọ táǹkì: bóyá ẹnì kan ti gbàgbé láti ṣí ìdérí kékeré tó wà lórí ọmọrí rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i tí kò sì wú síbẹ̀, páìpù láti táǹkì dé ibẹ̀ ni kí ẹ wò, ó lè ti dí.