Ẹ má tíì sin hard disk yẹn, síídì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

"Àbúrò, hard disk ẹ ti kú." Tẹ́ ẹ bá gbé laptop lọ sọ́dọ̀ àwọn injínnìà wa nítorí pé Windows kọ̀ tí kò wọlé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gbólóhùn tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn, kẹ́ ẹ tó rí àga jókòó. Iye tí wọ́n ń ta tuntun ló máa tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá wá béèrè pé àwọn fáìlì mi ńkọ́, wọ́n á ní kẹ́ ẹ fọwọ́ wọ́nú, ó ti lọ nìyẹn.

Hard disk máa ń kú lóòótọ́, mi ò jiyàn. Ohun tí mo ń bá wọn fà ni pé wọ́n ti ń dájọ́ ikú kí wọ́n tó yẹ ohun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ wò. Síídì tí wọ́n fẹ́ fi gbé Windows sórí ẹ̀rọ náà ńkọ́, ṣé ara òun gan-an yá?

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ wa lásìkò yìí. Láti ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ni Microsoft ti ṣíwọ́ fífi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí Windows 10 bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Windows 11 tó ní ká bọ́ sí, ó ń béèrè nǹkan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ laptop tòkunbọ̀ tó wà lọ́wọ́ wa ni kò ní in. Tí ẹ̀rọ bá ti kọ "This PC can't run Windows 11" sójú, ńṣe lẹni tó ni ín máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá síídì tàbí fíláàṣì kiri lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti lóun ní in.

Tó bá jẹ́ pé àárín ìgboro lẹ̀ ń gbé, ẹ lè gbé ẹ̀rọ yín kúrò lọ́wọ́ injínnìà kan lọ bá òmíràn lọ́jọ́ kan náà. Ẹ wá wo ọmọ Ìtagunmódì, ìlú oníwúrà àti oníkòkó yẹn nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Àtàkúnmọ́sà. Ká ní Yunifásítì Iléṣà ló ń lọ, tí iṣẹ́ àṣekágbá ẹ̀ wà lórí laptop yẹn, tí fọ́tò ìyá ẹ̀ tó ti dolóògbé náà wà níbẹ̀. Iléṣà tàbí Òṣogbo ló máa gbé e lọ, owó ọkọ̀ àlọ, owó ọkọ̀ àbọ̀, tó bá dọ̀la ó tún di dandan kó padà lọ wò ó. Kí ẹnì kan wá fi ìdájọ́ ìṣẹ́jú méjì da gbogbo ẹ̀ nù, ìyẹn ò dáa.

Àwọn tó ń wa wúrà níbẹ̀, omi ni wọ́n fi ń ṣan iyẹ̀pẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí èyí tó wúwo á fi ṣẹ́kù sísàlẹ̀. Bó ṣe yẹ ká máa wá àìsàn kọ̀ǹpútà náà nìyẹn. Èyí tó fúyẹ́ la ó kọ́kọ́ ṣan kúrò. Síídì ló fúyẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun náà ló sì rọrùn jù láti pààrọ̀.

Ẹ wo ibi tó ti dúró. Tó bá jẹ́ Windows àtijọ́ ló ṣì ń ṣí, bí ẹni pé kò sí síídì kankan níbẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ò tíì wojú síídì yẹn rárá. Gbàrà tẹ́ ẹ bá tàn án, ẹ máa tẹ F12 tó bá jẹ́ Dell tàbí Lenovo, F9 tó bá jẹ́ HP, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín yan síídì. Tó bá kọ "Press any key to boot from CD or DVD", ẹ tètè tẹ nǹkan kan, torí kò ní dúró dè yín. Àmọ́ tó bá ti kó fáìlì wọlé tán, tó pa ara ẹ̀ tó tún tan ara ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ yẹn bá tún jáde, ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan mọ́ o. Ẹni tó bá tún tẹ̀ ẹ́ á padà síbẹ̀rẹ̀ ni, á tún ṣe é, á tún padà. Àwọn kan ti lo odindi ọ̀sán lórí èyí, kí wọ́n tó wá sọ pé ayé ló ń bá wọn jà.

Tó bá jẹ́ síídì tẹ́nì kan bá yín bọ́ọ̀nù, ẹ kì í bọ kọ̀ǹpútà míì tó ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ ṣí i wò. Ó yẹ kẹ́ ẹ rí oríṣiríṣi fódà níbẹ̀, bíi boot àti sources. Tó bá jẹ́ fáìlì ẹyọ kan ṣoṣo tó parí sí .iso lẹ rí, ńṣe lẹni tó ṣe é kó o síbẹ̀ bí ẹni tó ń kó orin sórí síídì. Kọ̀ǹpútà kankan ò ní lè tan látorí ẹ̀.

Ìgbà míì, á bẹ̀rẹ̀, á máa kà, tó bá dé nǹkan bí ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún, á dúró, á wá kọ 0x80070570, tó túmọ̀ sí pé fáìlì kan ti bàjẹ́ tàbí pé kò sí níbẹ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ fojú sí i. Tó bá jẹ́ ojú kan náà ló ti ń dúró ṣáá, síídì ló sábà máa ń jẹ̀bi. Tó bá ń dúró níbí lónìí, tó ń dúró lọ́hùn-ún lọ́la, ẹ fura sí RAM, tàbí pé ẹ̀rọ náà ń gbóná jù. Aṣọ tó múlọ́ lẹ ó fi nu síídì, láti àárín bọ̀ wá sí etí, ẹ má nù ún yípo. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bọ́ọ̀nù òmíràn, ẹ dín eré ẹ̀ kù. Àwọn tó ń sáré bọ́ọ̀nù síídì ogún láàárọ̀ kan, ṣé wọ́n ráyè yẹ ẹyọ kan wò nínú ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń bí mi nínú jù. DVD tá a sábà máa ń rà, 4.7GB ló ń gbà. Fáìlì Windows 10 àti 11 tí Microsoft ń gbé jáde báyìí ju 5GB lọ, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ní ká wá fíláàṣì tó tó 8GB, ó kéré tán. Ẹni tó bá wá ta odindi Windows 11 fún yín lórí DVD kékeré kan ṣoṣo, tó tún kọ "All in One" àti "Activator" sí i lára, kí ló yọ kúrò kó tó wọlé? Kí ló sì fi kún un? Ọ̀pọ̀ "Activator" yẹn ló jẹ́ kòkòrò ló wà nínú wọn, tẹ́ ẹ bá sì ti ní kó wọlé, àkáǹtì báǹkì yín náà ti wà nínú ewu.

Ọ̀nà kan wà téèyàn fi ń mọ̀ bóyá fáìlì pé. Gbogbo fáìlì ló ní SHA256, ìlà gígùn kan tó dà bí ìtẹ̀ka. Microsoft máa ń gbé ti Windows 11 síbi téèyàn ti ń dà á sílẹ̀, àwọn tó ni Ubuntu náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí Command Prompt, kẹ́ ẹ kọ certutil -hashfile, kí orúkọ fáìlì yín tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ fi SHA256 parí ẹ̀. Tí lẹ́tà ẹyọ kan bá yàtọ̀ sí tiwọn, ẹ má wulẹ̀ bọ́ọ̀nù ẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń sin alààyè. Tí laptop bá ti jẹ́ Intel ìran kọkànlá sókè, ọ̀pọ̀ wọn ló ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní VMD, òun ló ń dúró láàárín Windows àti ibi ìkó-nǹkan-sí. Síídì tàbí fíláàṣì tí ẹ fẹ́ lò lè má mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá dé ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti yan hard disk, òfìfo lẹ ó rí, á wá kọ "We couldn't find any drives". Injínnìà á rí i, á mi orí, á ní ó ti kú. Bẹ́ẹ̀ kò sóhun tó ṣe é! Dráfà tí wọ́n ń pè ní Intel Rapid Storage ló ń fẹ́. Ẹ lọ síkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe laptop yẹn, ẹ dà á sílẹ̀ sórí fíláàṣì, kẹ́ ẹ tẹ "Load driver". Ó sábà máa ń jáde wá báyìí.

Èkejì ẹ̀ ni GPT. "The selected disk is of the GPT partition style", ẹ ti rí i rí, àbí? Ohun tó ń sọ kò ju pé ọ̀nà àtijọ́ lẹ gbà tan síídì yín, ẹ̀rọ náà sì ń lo ọ̀nà tuntun. Ẹ pa á, ẹ tún un tàn, níbi tẹ́ ẹ ti ń yan síídì, ẹ yan ìlà tó ní UEFI níwájú. Ó tán. Àmọ́ ohun táwọn kan máa ń ṣe ni pé wọ́n á ṣí diskpart, wọ́n á kọ clean, gbogbo ohun tó wà lórí hard disk á lọ pátápátá. Windows á wọlé o, inú oníbàárà á dùn, á sanwó. Ó di alẹ́ kó tó wá fọ́tò ìyá ẹ̀ tì.

Nítorí náà, ẹ kó fáìlì yín jáde ná, bí Windows ò tiẹ̀ ṣí mọ́. Ẹ wá Ubuntu tàbí Linux Mint sórí fíláàṣì, ẹ yan èyí tẹ́ ẹ máa fi dán an wò láì jẹ́ kó wọnú ẹ̀rọ, fáìlì yín á hàn, ẹ ó sì kó o sórí nǹkan míì. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n yín tó gbọ́n sí kọ̀ǹpútà ṣáájú máa rántí pé láàárín ọdún 2005 sí 2011, Canonical, ilé-iṣẹ́ tí Mark Shuttleworth ọmọ South Africa dá sílẹ̀, ń fi síídì Ubuntu ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri ayé, wọn ò gba owó ìfiránṣẹ́ pàápàá. Nǹkan kan wà lára síídì yẹn tí mo fẹ́ràn: ó ní ibi téèyàn lè tẹ̀ kó fi yẹ ara ẹ̀ wò bóyá ó ní àbùkù. Síídì fúnra ẹ̀ gbà pé òun lè jẹ̀bi. Mélòó nínú àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ló gbà bẹ́ẹ̀?

Tí iná bá lọ lójú iṣẹ́, tí bátìrì ò sì gbà á dúró, ẹ má bẹ̀rù. Ìbẹ̀rẹ̀ lẹ ó padà sí, hard disk ò kú. BIOS ni kẹ́ ẹ má ṣe tún ṣe láì fi ṣájà sí i, torí tí iná bá já ìyẹn sójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ lè di ńlá.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ injínnìà ló ń ṣe dáadáa lórí owó tí kò tó nǹkan, tí oníbàárà sì ń pariwo lé wọn lórí láti àárọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá lóun rí òkú, ó yẹ kó lè fi hàn. Ẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà míì, kẹ́ ẹ fi CrystalDiskInfo yẹ̀ ẹ́ wò, kí n fojú ara mi rí i." Ọ̀fẹ́ ni ìyẹn náà. Tó bá kọ "Bad", tàbí tó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, tí BIOS pàápàá ò sì rí i, ẹ gbà fún wọn. Tí wọ́n bá ní kò sí àkókò, ẹ ṣe é bíi ti àwọn òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kẹ́ ẹ lóṣòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá sì di pé ẹ ra tuntun, ẹ gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, torí àwọn tó mọ̀ nípa yíyọ fáìlì lára òkú hard disk ṣì lè rí nǹkan yọ níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì fi sílẹ̀, ẹ ò mọ ẹni tó máa yọ ọ́.