Ta Ló Ni Àjọ Ilé Ìjọba, Owó Ta Ni Wọ́n sì Fi Ń Kọ́lé?

 Ọ̀rọ̀ kan kì í tán lẹ́nu wa: bí ìjọba bá ní òun ń kọ́lé fún ará ìlú, kí ló dé tí ọwọ́ mẹ̀kúnnù kì í tó o? Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Òfin 1958 ló bí Háósìn Kọ́póréṣọ̀n ti Ìwọ̀ Oòrùn, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ Olórí Ìjọba. Bódìjà ní Ìbàdàn ni iṣẹ́ rẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ní 1976 wọ́n pín Ìwọ̀ Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ní 1991 wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun náà sì ní àjọ tirẹ̀ ní Òṣogbo.

Báwo ni wọ́n ṣe ń darí irú àjọ bẹ́ẹ̀? Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àwa fúnra wa là ń dìbò yan alága àti akápò, ẹni tó bá sì ṣe ségesège, a ó yọ ọ́. Ti ìjọba kò rí bẹ́ẹ̀. Gómìnà ló ń yan ìgbìmọ̀ àti ọ̀gá àgbà. Bí ìjọba bá yí, àwọn náà lè yí. Ẹni tó ń gbé inú ilé kò ní ìbò kankan níbẹ̀.

Owó ńkọ́? Díẹ̀ ń wá láti àpò ìjọba, díẹ̀ jẹ́ owó yíyá, ìyókù ni èyí tí wọ́n rí lórí ilé àti ilẹ̀ tí wọ́n tà. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àjọ tó gbọ́dọ̀ san gbèsè yóò wá ẹni tó lè sanwó. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ àgbà àti ọ̀mọ̀wé ló pọ̀ jù ní Bódìjà, kì í ṣe alátẹ.

Àmọ́ ọ̀nà mìíràn wà. Òfin Owó Ilé Kíkọ́ ti 1992 ní kí òṣìṣẹ́ máa dá náírà 2 àti kọ́bọ̀ 50 sílẹ̀ nínú 100 náírà tó bá gbà lóṣù. Ẹni tó ń gba 40,000 náírà yóò san 1,000. Báńkì ilé kíkọ́ ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, ló ń tọ́jú owó náà, tó sì ń yá àwọn tó ń dá a. Oníṣòwò tó ń dá dúró náà lè forúkọ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ti ní ilẹ̀, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń dá owó yìí, lè bèèrè ẹ̀yáwó láti kọ́lé fún wọn. Ẹni tí kò bá yá a yóò gba owó rẹ̀ padà nígbà tó bá fẹ̀yìn tì.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó kó owó ọjà fún àjọ kankan, kó bèèrè nǹkan mẹ́ta: Ta ló yàn yín? Ta ló ń yẹ ìwé owó yín wò? Ìwé ilẹ̀ ńkọ́? Ẹ gba rìsíìtì, ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Ọjà á tà o.